Àyè Ọwọ́ Lára Ilẹ̀kùn Nẹ́ẹ̀tì

Ogún ilé ló wà lórí ìlà wa ní ọgbà àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Khanewal, gbogbo wọn sì jọra bíi pé ìyá kan ló bí wọn. Bíríkì pupa kan náà, àtẹ̀gùn méjì kan náà, ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì kan náà tí ilé iṣẹ́ ń fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn lọ́dọọdún. Àlejò a máa kan ilẹ̀kùn mẹ́ta kó tó bá ẹni tó ń wá. Tiwa ni ilé kẹtàlá. Ohun kan ṣoṣo tó mú un yàtọ̀ ni ihò tó wà lára nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ́ tí a fi ń há ilẹ̀kùn láti inú. Ihò náà fẹ̀ tó kí ìkúùkù àgbàlagbà gba ibẹ̀ kọjá.

Bàbá mi ló dá ihò náà lu. Fazal Din lorúkọ rẹ̀, Abba ni èmi ń pè é. Ọdún méjìdínlógójì ló fi ṣiṣẹ́ nínú ilé gogoro tí wọ́n ti ń fa irin tó ń yí ọ̀nà padà fún ọkọ̀ ojú irin. Iṣẹ́ òwúrọ̀ rẹ̀ máa ń parí ní aago méjì ọ̀sán, nígbà tí oòrùn oṣù kẹfà ń jó ilẹ̀ bí ààrò. Ìyá mi, Hajra, á ti há ilẹ̀kùn, á ti sùn lọ sábẹ́ fáànù pẹ̀lú èmi ọmọ ọwọ́. Abba kì í fẹ́ kan ilẹ̀kùn kó má baà jí i. Lọ́jọ́ kan ó mú ẹ̀mú, ó gé nẹ́ẹ̀tì náà, ó ká etí rẹ̀ wọnú kó má baà gún un lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ ló ń kì bọ ibẹ̀, á gbé ìkọ́ sókè, á sì wọlé jẹ́jẹ́. Ìyá mi á kàn jí, á bá a nídìí àwo rótì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ilẹ̀ wa, tó ti jẹ tán.

Ìyá mi sọ̀rọ̀ títí ó sú u. Á ní, "Gbogbo ọgbà lò ń bá tún nẹ́ẹ̀tì ṣe, tìrẹ nìkan ló ya. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé èmi ni mo ya á ni?" Òótọ́ ló sì ń sọ. Kò sí ilé kan lórí ìlà wa tí Abba kò tíì bá wọn na nẹ́ẹ̀tì rí, láìgba nǹkan kan ju ife tíì lọ. Èsì kan náà ló máa ń fún ìyá mi: "Hajra, kì í ṣe pé ó ya. Àyè ọwọ́ ni."

Nígbà tí ìyá mi kú, ọdún karùn-ún rèé, orí Abba bẹ̀rẹ̀ sí í jò díẹ̀díẹ̀ bí àpò ìrẹsì tí eku ti jẹ nídìí. Ó kọ́kọ́ gbàgbé orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó kan tèmi. Lọ́jọ́ kan á pè mí ní Hajra. Lọ́jọ́ mìíràn á pè mí ní "ọmọ mi", bí àgbàlagbà ṣe ń pe ọmọ ọlọ́mọ tó pàdé lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀márùn-ún lóòjọ́ ló ń lọ sí mọ́sálásí tó wà ní òpin ìlà wa, ẹ̀ẹ̀márùn-ún náà ló sì ń dá wálé. Mo máa ń fi yangàn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, mo máa ń dáhùn pé, "Ẹ fi bàbá mi sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ilé."

Ẹsẹ̀ kọ́. Àìmọye ìgbà ni mo ti rí i bó ṣe ń bọ̀ láti mọ́sálásí, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan bó ti ń kọjá, mo rò pé ó ń fi wọ́n gbára dúró ni. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ojoojúmọ́ ni mò ń jágbe mọ́ àwọn èèyàn pé wọn kì í wo ohun tó wà níwájú wọn.

Lóṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, òjò dá, omi dúró sínú gbogbo kòtò, ẹ̀fọn sì gba ìlú. Ibà tó ń fọ́ eegun wọ ọgbà wa. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìdílé kan ránṣẹ́ láti Multan pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sunday láti wá wo Sumbal, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, bóyá wọ́n á fẹ́ ẹ fún ọmọ wọn. Ọdún mọ́kànlélógún ni Sumbal. Bàbá rẹ̀ ti kú láti ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, èmi àti Abba la jọ tọ́ ọ. Bí mo ṣe gbọ́ ìròyìn náà ni gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í rí jákujàku lójú mi.

Ìyá Junaid, ìyá tó ń gbé ilé kejìlá, ló dá kún un. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, ó ki ìka méjì bọ inú ihò náà, ó ń jù wọ́n sí mi.

"Ìyá Sumbal, ṣé èyí ni ìyá ọkọ máa kọ́kọ́ fojú gán-án-ní?"

"Ihò bàbá mi ni, ẹ fi í sílẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ti bàbá ẹ ni. Ṣé àwọn ará Multan mọ̀? Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn yẹn á wo ilẹ̀kùn kí wọ́n tó wo ọmọ. Wọ́n á ní, ilé tí wọn ò lè tún nẹ́ẹ̀tì ṣe, ṣé wọ́n lè tọ́jú ọkọ?"

"Ẹ̀yin náà ẹ ò kúkú tọ́jú ọkọ yín, nẹ́ẹ̀tì yín sì pé."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára. Lálẹ́, Sumbal tún fi kún un pé, "Ìyá mi, ibà ti mú ọmọ ilé kẹjọ. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe, torí Nana." Nana ni wọ́n ń pe bàbá ìyá ẹni nílẹ̀ wa. Torí Nana. Ó yẹ kí n máa rántí pé torí rẹ̀ náà la ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n kì í tù mí nínú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Saturday, mo gbọ́ ohùn Yamin lójú pópó. Kẹ̀kẹ́ ló fi ń rìn, ó máa ń di nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ká sẹ́yìn rẹ̀, á sì máa fa ọ̀rọ̀ gùn: "Nẹ́ẹ̀tì o, nẹ́ẹ̀tì tuntun, ilẹ̀kùn, fèrèsé." Mo pè é. Ó tú àwọn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó di etí nẹ́ẹ̀tì mú, ó to wọ́n sílẹ̀ bí ó ti ń tú wọn, kí ó má baà ṣì wọ́n pọ̀. Nẹ́ẹ̀tì àtijọ́ náà bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, eruku ogójì ọdún sì tú jáde lára rẹ̀.

"Bájì," ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin nílẹ̀ wa, "ta ló ká etí ihò yìí? Iṣẹ́ ọ̀gá ni."

"Bàbá mi ni."

"Ọ̀gá wá ya nẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀?"

"Máa ṣe iṣẹ́ tí mo pè ẹ́ fún, Yamin. Alátojúbọ̀."

Ìró òòlù ló jí Abba. Ó jáde wá pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀ tó rún, ó dúró lé Yamin lórí. Mo ń po ìyẹ̀fun ẹ̀wà fún àkàrà àlejò, mo ń wò wọ́n láti ilé ìdáná. Ó ṣe díẹ̀, Abba gbẹ́nu sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì mọ́ gaara bíi ti ọdún pípẹ́.

"Igun sí igun ni wọ́n ń fà á. Bí o bá fà á láti òkè sí ìsàlẹ̀, á yọ ikùn kí ọdún tó parí."

Yamin dáwọ́ dúró, ó tú u, ó fà á láti igun sí igun. Nẹ́ẹ̀tì náà nà dẹ́dẹ́. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ló wí. "Ẹ ṣeun, Bàbá."

"Ìṣó méjì méjì. Ká etí rẹ̀ wọnú." Abba tẹ̀ síwájú, ó fi ìka kan ibi tí ìkọ́ máa wà. "Ibí yìí, fi àyè ọwọ́ sílẹ̀."

"Àyè ọwọ́ kẹ̀? Bàbá, ẹ̀fọn ló máa fi wọlé o."

"Ìyàwó mi máa ń sùn lọ́sàn-án."

Yamin gbójú sókè wò mí. Ohun tí mo ṣe rèé, n kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí dòní, kódà fún Sumbal: mo mi orí sí i pé rárá, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín lókè orí ọmọdé. Mo ní, "Abba, ẹ lọ ṣe àlùwàlá, alásárì ti tó." Abba wò mí, ó wo nẹ́ẹ̀tì náà, ó sì lọ bu omi. Nígbà tó ń jáde lọ sí mọ́sálásí, Yamin ń kan ìṣó tó gbẹ̀yìn.

Ilẹ̀kùn náà dára. Mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Mo dúró sínú ilé, mo wo pápá ìta láti ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí ibi tó rún, kò sí ibi tó wú. Mo há ìkọ́, mo padà sídìí àkàrà.

Wọ́n ti kírun tán, Abba kò dé. Mo rò pé ó jókòó ti lèmọ́mù. Nígbà tí wọ́n pe ìrun mọgaríbì, n kò lè dúró mọ́. Mo jáde, mo bá Ìyá Junaid lórí àtẹ̀gùn rẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ rí Abba bí?"

"Mo rí i. Ó ti pẹ́. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn wa, mo ní, 'Bàbá, ilé yín ló kàn.' Ó dé tiyín, ó ń fọwọ́ pa á, ó ń pa á, lókè nílẹ̀. Ló bá kọjá lọ. Ó lọ dé ilé ogún, ó tún padà, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ilé kìíní. Mo bi í pé kí ló ń wá. Ó ní òun ń lọ sílé." Ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. "Ìyá Sumbal, mo rò pé ó ń ṣeré ni."

Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn obìnrin yẹn. Inú ilé ni mo wà nígbà tó ń fọwọ́ pa ilẹ̀kùn náà. Èmi àti bàbá mi, nẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà láàárín wa. Mo ń din àkàrà, epo ń ta, n kò gbọ́.

Gbohùngbohùn mọ́sálásí kéde rẹ̀ bí wọ́n ti máa ń kéde ọmọ tó sọnù: "Ẹ gbọ́ ìkéde pàtàkì. Bàbá arúgbó kan, Fazal Din ti ilé kẹtàlá, ẹwù funfun ló wọ̀, fìlà aláwọ̀ eérú ló dé. Ẹni tó bá rí i kó mú un wá sí mọ́sálásí." Mọ́sálásí mẹ́fà ló gbà á lẹ́nu ara wọn, títí tí orúkọ bàbá mi fi ń ti òdìkejì ìlú wá. Gbogbo ọkùnrin ọgbà ló jáde. Mo wá a dé ibùdókọ̀, mo bi gbogbo ẹni tí mo ti ta tíkẹ́ẹ̀tì fún rí. Ilẹ̀ mọ́ bá wa báyẹn.

Àwọn ará Multan dé ní aago mẹ́wàá pẹ̀lú àpótí àdídùn. Wọ́n bá ilé tí ó kún fún ẹkún. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: mo rí ìyá ọkọ náà bó ṣe bọ́ bàtà, tó ti ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú èjìká láìwò ó rárá, tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì mí, tó ń ka àdúà sí mi létí. Nẹ́ẹ̀tì tí mo torí rẹ̀ pàdánù bàbá mi, obìnrin náà kò mọ̀ bóyá ó ya tàbí ó pé. Ọjọ́ yẹn ló ti ní Sumbal ti di ọmọ òun.

Ọ̀sán kò tíì pọ́n nígbà tí àwọn tó ń tún ojú irin ṣe rí i. Ó ti tọ ojú irin lọ bíi máìlì mẹ́rin, dé ilé gogoro àtijọ́ kan tí wọ́n ti pa tì. Mo bá wọn lọ. Abba jókòó lórí àtẹ̀gùn, bàtà rẹ̀ kan ti sọnù. Ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì ilé gogoro náà ti dípẹtà, ó ti jẹ sí ihò níbi púpọ̀. Abba ti ki ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ ọ̀kan nínú àwọn ihò náà dé ọrùn ọwọ́, kò sì fẹ́ yọ ọ́. Ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ lójú lọ́rùn, gbogbo rẹ̀ wú.

Ìgbà tí mo rí ọwọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ tó yé mi. Gbogbo rẹ̀ ló yé mi pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àtẹ́lẹwọ́ lára ilẹ̀kùn, Hajra tó ń sùn lọ́sàn-án. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Abba, ẹ dákun." Ó gbé ìka ọwọ́ òsì sẹ́nu, ó ní kí n rọra sọ̀rọ̀, ẹnì kan ń sùn.

Ibà náà ló mú un, ibà kan náà tí mo torí rẹ̀ na nẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò ní ọsibítù. Àwọn dókítà ní ó máa yè, ó sì yè. Ní ọjọ́ kejì, mo sáré wálé láti wá mú aṣọ fún un. Mo mú ẹ̀mú tirẹ̀ gan-an nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, mo gé nẹ́ẹ̀tì tuntun náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ́. Mo ká etí rẹ̀ wọnú bí mo ti rántí rẹ̀. Kò dára tó tirẹ̀, wáyà gún mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ki ọwọ́ ara mi bọ̀ ọ́, mo gbé ìkọ́ sókè. Ó ṣiṣẹ́. Gbogbo ọjọ́ tó kù ní ọsibítù, mo ń ronú ilẹ̀kùn yẹn bí ẹni tó ń ronú ọdún iléyá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, mo ṣáájú wọn délé. Mo há ìkọ́, mo dúró sínú ilé, mo sún mọ́ ilẹ̀kùn tó bẹ́ẹ̀ tí mò ń gbóòórùn ọ̀dà. Sumbal ló mú Abba sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti bá a sọ ọ́ pé kó fi í sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Abba gun àtẹ̀gùn méjèèjì. Ó dúró. Ó wo ihò náà, mo rí i kedere pé ó wò ó. Mo na ọwọ́ mi sí ẹ̀gbẹ́ ìkọ́ kí n lè di ọwọ́ rẹ̀ mú bó bá wọlé.

Abba gbé ọwọ́ sókè, ó sì kan igi ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́jẹ́.

"Ẹ ǹlẹ́ onílé," ó ní. "Ẹ má bínú. Ọmọ yìí ló mú mi wá síbí."

Mo ṣí i. Kí ni mo tún lè ṣe? Sumbal ní, "Nana, ẹ wọlé, ẹ wá mu tíì," ó sì wọlé bí àlejò. Ó jókòó sí etí ibùsùn tó ti fi ogójì ọdún sùn, ó kó ẹsẹ̀ jọ. Mo po tíì, mo fi ṣúgà tó pọ̀ sí i bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ó mu ún, ó dúpẹ́. Ó bi mí bóyá ọkọ mi wà níbi iṣẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ lọ síbi ilẹ̀kùn.

"Ọmọ mi, nẹ́ẹ̀tì yín ti ya."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Abba."

"Ẹ̀fọn á máa gba ibẹ̀ wọlé. Àsìkò ibà lèyí. Ta ló ya á?"

"Èmi ni."

Ó mi orí, kò bá mi wí. Ó ní, "Kò burú. Ó ṣeé tún ṣe. Ẹ bá mi wá wáyà díẹ̀ àti ẹ̀mú. Mo ti mu tíì yín, ẹ jẹ́ n fi ṣọpẹ́."

Sumbal wò mí, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n má gbà. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo ti sọ rárá fún ọkùnrin yìí lẹ́ẹ̀kan lórí ilẹ̀kùn yìí kan náà. Mo gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ó yẹ ẹ̀mú náà wò, ó ní, "Èyí dára, ẹni tó ni ín tọ́jú rẹ̀." Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó gé nẹ́ẹ̀tì kékeré kan lára èyí tó ṣẹ́kù, ó yọ wáyà kọ̀ọ̀kan lára etí rẹ̀, ó ń hun ún mọ́ ti ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ọwọ́ yẹn kò gbàgbé ohunkóhun àfi ilé. Mo jókòó tì í, mo ń gé wáyà fún un bí mo ti ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo sì ń sunkún láìpariwo, kò sì bi mí pé kí ló dé.

Nígbà tó parí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú rẹ̀. Èèyàn kò lè mọ ibi tí ihò wà tẹ́lẹ̀. Ó nà dẹ́dẹ́. Ó kó irinṣẹ́ padà sínú àpótí, ó wá bàtà rẹ̀.

"Ó ti parí," ó ní. "Ẹ má jẹ́ kó ya mọ́. Mo fẹ́ máa lọ sílé báyìí. Ìyàwó mi á ti jí, á máa wò pé kí ló mú mi pẹ́ tó báyìí."

"Ẹ dúró díẹ̀ sí i, Abba," ni mo wí. "Rótì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná."

Ó wo oòrùn, ó rò ó. Ó ní òun á jẹun náà, ṣùgbọ́n kí a má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun, nítorí ilé àwọn jìnnà.